Ǹjẹ́ Oògùn Wà Tí Kì Í Jẹ́ Kí Inú Lẹ̀ Pọ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ?

Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún ènìyàn, yálà wọ́n yọ apẹ́ńdíìsì ni, tàbí wọ́n yọ fáíbúrọ́ìdì tí àwọn ìyá wa ń pè ní ìju, tàbí wọ́n fi abẹ gbé ọmọ jáde, kì í pẹ́ tí àwọn ará ilé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá oògùn tí aláìsàn náà yóò lò kí ìfun rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ẹnìkan á ní kí ó máa gbé fítámì Í mì, ẹlòmíràn á ti lọ se àgbo, àwọn mìíràn sì gbà pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn ni yóò tú ohunkóhun tí ó bá fẹ́ lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ́ sí ìbéèrè wọn kì í sábà dé etí wọn. Títí di àsìkò yìí, kò sí oògùn oníhóró tàbí abẹ́rẹ́ kankan tí wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára ènìyàn pé ó ń dènà ìlẹ̀pọ̀ inú. Ohun tí ó ti ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan, orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń lò ó, kí wọ́n tó rán ikùn pa dé. Ẹni tí ó bá mọ bí ìlẹ̀pọ̀ ṣe ń wáyé yóò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní ìlẹ̀pọ̀ inú?

Ìlẹ̀pọ̀ inú, tí àwọn dókítà ń kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí adhesion, ni kí àpá so ohun méjì tí kò yẹ kí ó so pọ̀ nínú ikùn mọ́ ara wọn. Ó lè jẹ́ ìfun pẹ̀lú ìfun, ó lè jẹ́ ìfun pẹ̀lú ògiri ikùn, ó sì lè jẹ́ ilé ọmọ pẹ̀lú àpò ìtọ̀. Àpá náà lè fẹ́lẹ́ débi pé ìka lásán lè já a, ó sì lè yi débi pé abẹ nìkan ni yóò ràn án.

Awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí ó bo ògiri ikùn láti inú, tí ó tún yí ìfun, ẹ̀dọ̀, ilé ọmọ àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù ká. Awọ yìí máa ń yọ̀, omi díẹ̀ sì máa ń wà lójú rẹ̀ nígbà gbogbo, èyí ni kì í jẹ́ kí ìfun há níbì kankan bí ó ṣe ń yí tí ó sì ń ti oúnjẹ lọ síwájú. Nígbà tí abẹ bá gé awọ náà, tàbí tí gọ́ọ̀sì gbígbẹ bá họ ọ́, tàbí tí iná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró bá jó o, tàbí tí ó kàn gbẹ nítorí pé ikùn wà ní ṣíṣí fún wákàtí púpọ̀, ojú ibẹ̀ di egbò. Egbò náà yóò máa sun omi, inú omi yìí sì ni èròjà tí ara fi ń mú ẹ̀jẹ̀ dì wà. Láàárín wákàtí díẹ̀, èròjà náà yóò di fọ́nrán tín-ín-rín kan tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ fíbírìn. Bí egbò méjì bá dojú kọ ara wọn, fíbírìn ni yóò kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀.

Ara kì í fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní èròjà mìíràn, plásímìn, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti yọ́ fíbírìn. Bí plásímìn bá rí àyè ṣiṣẹ́, fíbírìn yóò ti yọ́ láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3, awọ tuntun yóò sì ti bo ojú egbò náà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ máa ń sọ plásímìn di aláìlágbára ní àsìkò tí ara nílò rẹ̀ jù. Fíbírìn tí kò bá yọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń hun àpá yóò wọ inú rẹ̀, tí wọn yóò sì sọ ọ́ di ẹran ara; ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn nínú rẹ̀, kódà iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ lè hù níbẹ̀.

Ẹ wo ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà. Bí wọ́n bá tì í kí ọ̀dà tó gbẹ, yóò lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀. Bí ẹnìkan bá tètè ṣí i, tàbí tí ó ti fi bébà sí àárín wọn ṣáájú, kò sí wàhálà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lé e lórí, ọ̀bẹ ni wọn yóò fi ya á, ojú ibi tí wọ́n sì ti ya á yóò tún bó. Bákan náà ni àsìkò ṣe pàtàkì nínú ikùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni a ti ń mọ̀ bóyá ìlẹ̀pọ̀ yóò wà tàbí kò ní sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó ogún ọdún kí ẹni tí ó ní in tó mọ̀. Oògùn ìdènà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kẹta ti pẹ́ dé.

Ṣé gbogbo ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún ni yóò ní in?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Nínú ìwádìí tí Menzies àti Ellis gbé jáde ní ọdún 1990, wọ́n wo inú ikùn ènìyàn 210 tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún rí, wọ́n sì bá ìlẹ̀pọ̀ lára ìdá 93 nínú 100 wọn. Nínú àwọn 115 mìíràn tí wọn kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún rí, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ló ní in.

Kí ìdá 93 yìí má ṣe já ẹnikẹ́ni láyà, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ní ìlẹ̀pọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ìlẹ̀pọ̀ dà á láàmú. Ní Scotland, wọ́n tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 fún ọdún 10 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tí ó padà sí ilé ìwòsàn nítorí ohun tí ìlẹ̀pọ̀ fà, tàbí ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà, tàbí fún iṣẹ́ abẹ mìíràn tí ìlẹ̀pọ̀ lè mú nira. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìpadàwọlé náà, ìdá 5.7 nínú 100 péré ni ó dájú pé ìlẹ̀pọ̀ gan-an ló fà á.

Èyí tí ó léwu jù nínú wàhálà rẹ̀ ni ìfun dídí. Okùn àpá lè fún ìfun lọ́rùn, tàbí kí ìfun lọ́ mọ́ ọn, tí oúnjẹ, omi àti afẹ́fẹ́ kò fi ní lè kọjá mọ́. Thomas Bryant, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan ní Ìlú Ọba, ti kọ̀wé nípa ẹni tí èyí pa láti ọdún 1872. Ti àwọn obìnrin tún yàtọ̀. Ọ̀pá tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ kéré púpọ̀, àpá díẹ̀ sì tó láti fà á wọ́ tàbí láti dí i. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹni tí wọ́n yọ ìju fún tí ó ṣì ń retí ọmọ ju bí ó ṣe kan ẹni tí ó ti bímọ tán lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì ti fi abẹ gbẹ̀bí fún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i bí iye iṣẹ́ abẹ ṣe ń pọ̀ sí i, dókítà tí ó bá ń là á lẹ́ẹ̀kẹrin sì gbọ́dọ̀ rọra, kí ó má baà gé àpò ìtọ̀ tàbí ìfun tí ó ti lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀nà.

Kí ló dé tí oògùn kò fi rí i dá dúró?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fíbírìn tí ó ń so ìfun mọ́ ìfun náà ni ó ń mú kí ojú rírán san. Bí wọ́n bá gé ìfun tí wọ́n sì tún un so, fíbírìn ni ó kọ́kọ́ ń dí ojú okùn rírán náà. Òun náà ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára ògiri ikùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán. Oògùn tí ó bá lágbára débi pé kò jẹ́ kí àpá hù rárá lè mú kí ojú rírán tú, kí ìgbẹ́ sì dà sínú ikùn, ìyẹn sì máa ń tètè pa ènìyàn ju ìlẹ̀pọ̀ lọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ni oògùn tí yóò mọ àpá tí ó yẹ yàtọ̀ sí àpá tí kò yẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun kan náà ni a fi hun àwọn méjèèjì.

Ọ̀nà tí oògùn yóò gbà dé ibẹ̀ tún jẹ́ ìṣòro. Oògùn tí a gbé mì, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà rìn, bẹ́ẹ̀ ibi tí ìlẹ̀pọ̀ fẹ́ràn jù ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti ṣàn dáadáa mọ́, nítorí pé wọ́n ti gé e, wọ́n ti dì í, tàbí wọ́n ti jó o níná. Bí wọ́n bá sì da oògùn náà sínú ikùn tààrà, awọ inú tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa ń fa omi mu kíákíá. Omi iyọ̀ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ kí ara tó fà á tán, àkókò ewu sì gùn ju ìyẹn lọ.

Kì í ṣe pé wọn kò gbìyànjú. Wọ́n lo sítẹ́rọ́ìdì bíi dexamethasone, nígbà mìíràn pẹ̀lú promethazine, pàápàá fún àwọn obìnrin tí wọ́n ń tún ọ̀pá ẹyin wọn ṣe, pẹ̀lú èrò pé bí ojú egbò kò bá wú, kò ní lẹ̀. Wọn kò rí àǹfààní tí ó dájú, oògùn náà sì lè mú kí egbò pẹ́ kí ó tó san, kí ara má sì lè bá kòkòrò jà bí ó ṣe yẹ. Wọ́n dán àwọn oògùn ìrora tí ń rọ ìwúlé wò, bí ibuprofen, ó ṣe dáadáa lára àwọn ẹranko, kò fìdí múlẹ̀ lára ènìyàn. Wọ́n fi heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, sínú omi tí wọ́n fi ń fọ inú ikùn, kò sì yàtọ̀. Wọ́n tún lo àwọn èròjà tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, bíi streptokinase àti tPA, tí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni èrò inú wọn bá ọ̀rọ̀ plásímìn mu jù, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọkàn balẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ní oògùn tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tú nínú ikùn rẹ̀? Dextran 70, omi kan tí ó ki, jẹ́ èyí tí wọ́n lò fún ìgbà díẹ̀ nínú iṣẹ́ abẹ àwọn obìnrin. Àǹfààní rẹ̀ kò dúró lójú kan, ó sì ń fa ìpalára, wọ́n bá fi í sílẹ̀. Fífi omi oògùn apakòkòrò fọ inú ikùn kò dènà ìlẹ̀pọ̀. Nínú àwọn ìdánwò kan lára ẹranko, ńṣe ni àwọn kan nínú rẹ̀ ń dá kún un.

Fítámì Í náà wà lára wọn. Lára eku ni ìròyìn rere rẹ̀ ti wá. Bí a bá wo gbogbo ìwádìí tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, eku ti jẹ àǹfààní rẹ̀ ju ènìyàn lọ, àwọn tí wọ́n sì ń polówó oògùn ìlẹ̀pọ̀ fún wa kì í sábà sọ pé ti eku ni àwọn ń sọ.

Kí wá ni dókítà lè fi sínú ikùn?

Nígbà tí oògùn kò ṣeé gbára lé, wọ́n yíjú sí ohun tí ó dà bíi bébà àárín ìlẹ̀kùn yẹn: ohun kan tí yóò ya àwọn egbò nípa títí awọ tuntun yóò fi bò wọ́n, tí yóò sì yọ́ lọ fúnra rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò jù ni Seprafilm, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1996. Bí ìwé pẹlẹbẹ tí ó mọ́ gaara ni ó rí, tí ó máa ń tètè fọ́ bí ó bá gbẹ, tí ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọwọ́ tí ó mú un bá tutù. Dókítà yóò tẹ́ ẹ sí abẹ́ ibi tí ó fẹ́ rán. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì yóò ti di jẹ́ẹ̀lì, yóò wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ara yóò sì kó o kúrò láàárín oṣù kan. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1996, lára ènìyàn 183 tí wọ́n yọ ìfun ńlá fún, ìdá 51 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi í sí lára ni kò ní ìlẹ̀pọ̀ kankan lábẹ́ ojú rírán nígbà tí wọ́n tún wo inú wọn, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 6 péré nínú àwọn tí wọn kò fi sí lára. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Àmọ́ ohun tí dókítà fi ojú rí nínú ikùn yàtọ̀ sí ohun tí aláìsàn ń mọ̀ lára. Nínú ìwádìí tí ó tóbi jù, tí ó jáde ní ọdún 2006 pẹ̀lú ènìyàn tí ó lé ní 1,700, iye àwọn tí ìfun wọn dí lápapọ̀ kò yàtọ̀ bóyá wọ́n lo Seprafilm tàbí wọn kò lò ó. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni lára àwọn tí ìlẹ̀pọ̀ mú kí ìfun wọn dí débi pé wọ́n ní láti tún là wọ́n: ìdá 1.8 nínú 100 fún àwọn tí wọ́n lò ó fún, ìdá 3.4 fún àwọn yòókù. Wọ́n tún kíyè sí i pé kò dára kí wọ́n fi wé ojú ibi tí wọ́n ti so ìfun pọ̀ tuntun, nítorí pé ó lè mú kí ibẹ̀ jò. Èmi kò ní pe irú àǹfààní báyìí ní asán, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ènìyàn fi ń ta ilẹ̀ láti rà.

Interceed jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n sábà ń lò nínú iṣẹ́ abẹ ilé ọmọ àti ibi ẹyin obìnrin. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, bí ibẹ̀ bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, kì í ṣiṣẹ́. Adept, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2006, jẹ́ omi tí èròjà rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà ṣúgà, tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú ikùn nítorí pé ó máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju omi iyọ̀ lọ. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ ka àwọn ohun wọ̀nyí sí oògùn. Ohun èlò ìṣègùn ni wọ́n kà wọ́n sí. Kò sí èyí tí aláìsàn lè rà ní kẹ́mísì lọ lò nílé.

Ṣé ọwọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà ní ipa tí ó ń kó?

Ó ní, ó sì ju ti ohunkóhun tí wọ́n lè fi sínú ikùn lọ. Dókítà tí ó ń rọra di ìfun mú, tí ó ń rin gọ́ọ̀sì kí ó tó fi kàn án, tí ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró dáadáa, tí kò sì fi òwú tàbí èérí sílẹ̀ níbẹ̀, ti dín ìlẹ̀pọ̀ kù. Àtíkè ìbọ̀wọ́ náà wà níbẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń fọ́n ìyẹ̀fun sínú ìbọ̀wọ́ kí ó lè rọrùn láti wọ̀, ìyẹ̀fun yìí sì ń já sínú ikùn, tí ó ń fa ìwúlé àti ìlẹ̀pọ̀. Amẹ́ríkà fi òfin de irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017.

Iṣẹ́ abẹ oníhò kékeré, tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe, tún ràn wá lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ mìíràn láti Scotland, tí ó jáde ní ọdún 2020 lórí ènìyàn 72,270, fi hàn pé láàárín ọdún 5, ìdá 1.7 nínú 100 àwọn tí wọ́n ṣe ti oníhò kékeré fún ni ìlẹ̀pọ̀ gan-an dá padà sí ilé ìwòsàn; ti àwọn tí wọ́n la ikùn wọn jẹ́ ìdá 4.3.

Àwọn oògùn tí wọ́n kọ fún mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Kí ẹ lò wọ́n tán bí wọ́n ṣe kọ wọ́n. Oògùn apakòkòrò wà fún kòkòrò, oògùn ìrora wà fún ìrora, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí èyí tí wọ́n fún yín nítorí ìlẹ̀pọ̀ nínú wọn. Rírìn tí nọ́ọ̀sì ń lé yín dìde láti rìn dára púpọ̀ fún ìfun tí ó sùn àti fún ẹ̀jẹ̀, bí kò tilẹ̀ tú ohun tí ó ti lẹ̀.

Serrapeptase, tí wọ́n ń tà pé ó ń jẹ àpá run nínú ara, kò ní ìwádìí tí ó ṣeé fọkàn tán lórí ìlẹ̀pọ̀. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àgbo tàbí oògùn ìwẹnú tí wọ́n ń fún ẹni tí inú rẹ̀ ti wú, tí kò sì lè yàgbẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ìfun ti dí ni, ńṣe ni oògùn ìwẹnú yóò máa ti ìfun láti fún ara rẹ̀ mọ́ ibi tí kò sí ọ̀nà, ó sì lè ya.

Bí ó bá ti lẹ̀ pọ̀ tán ńkọ́?

Kò sí oògùn tí ń yọ́ ọ, nítorí pé ẹran ara ni ó ti dà. Àwòrán X-ray àti ti skáànù kì í sábà fi okùn àpá náà hàn. Ibi tí ìfun ti wú lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń rí. Bí wọ́n bá là á láti gé e, ojú tí wọ́n gé tún di egbò tuntun, ó sì lè tún lẹ̀, èyí ni kì í jẹ́ kí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yára gbé abẹ nítorí inú rírun lásán.

Bí ìfun bá dí ṣùgbọ́n tí kò sí àmì pé ó ń kú, wọn yóò ní kí aláìsàn má jẹ, kí ó má mu, wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò sì fi rọ́bà gba imú dé àpòlúkù láti fa ohun tí ó kún ibẹ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń là báyìí láìsí abẹ, àwọn dókítà sì lè dúró tó ọjọ́ 3. Oògùn kan wà tí ó ní iṣẹ́ gidi níbí, Gastrografin, omi àwòrán tí wọ́n ń rọ gba inú rọ́bà náà. Bí àwòrán bá fi hàn láàárín wákàtí 24 pé ó ti dé ìfun ńlá, ó sábà túmọ̀ sí pé ọ̀nà yóò là láìsí iṣẹ́ abẹ.

Àmì wo ni kí n wò, kí ni kí n sì béèrè?

Inú tí ń fún ènìyàn wá-lọ wá-lọ, èébì aláwọ̀ ewé, ikùn tí ń wú, àìlè yàgbẹ́ àti àìlè só: bí ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún rí bá ní ìwọ̀nyí pọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bí iṣẹ́ abẹ náà tilẹ̀ ti pé ogún ọdún. Bí ìrora náà bá wá di èyí tí kò dáwọ́ dúró mọ́, tí ibà wọlé, tí ọkàn sì ń sáré, kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ẹni tí ó ń múra iṣẹ́ abẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá ó ṣeé ṣe pẹ̀lú kámẹ́rà, bóyá ó ní ohun ìdènà tí ó bá irú iṣẹ́ náà mu, àti bóyá owó rẹ̀ tọ́ sí ohun tí yóò ṣe fún un. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí ó gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé pàtàkì ilé, nítorí pé bí wọ́n bá tún fẹ́ la ikùn náà lọ́jọ́ mìíràn, inú ìwé yẹn ni dókítà tuntun yóò ti mọ ibi tí wọ́n bá ìlẹ̀pọ̀, bí ó ṣe le tó, àti apá ibi tí ó yẹ kí abẹ rẹ̀ yẹra fún.